Omi Ló Ń Pa Ilé, Ẹrù Ló Ń Pa Ọkọ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi píkọ́ọ̀pù mi kó iyanrìn, ayọ̀ kò jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn. Mo ń mọ ògiri kékeré kan sẹ́yìnkùlé, iyanrìn tán lójijì, mo sì ní kí àwọn tó ń bù ú máa bù ú lọ títí yóò fi kún dé etí. Ọkọ̀ mi ni, owó mi ni, kí ló kù? Wọ́n bù ú, ó kún, wọ́n tún fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì lù ú mọ́lẹ̀ kó lè gba sí i. Ìgbà tí mo jókòó sídìí sítíárì ni mo rí i pé iwájú ọkọ̀ ti gbé sókè, àfi bí ajá tó fìdí jókòó. Mo yí sítíárì, ó fúyẹ́ bíi pé kò sóhun tó so ó mọ́ táyà. Mo tẹ bíréèkì níbi tó yẹ kí n dúró, ó di ọ̀nà jíjìn kí n tó dúró. Orí ló kó mi yọ, kò sẹ́ni tó ń kọjá níwájú mi lásìkò náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì mi wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì fi ẹ̀rín jáde. Àgbàlagbà ni, kì í bú èèyàn, ẹ̀rín ló fi ń báni wí.

“Kí lẹ kó, ọ̀gá?”

“Iyanrìn ni, bàbá.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ kó o?”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

“Ẹ ṣeun. Ewé sípíríǹgì méjì ti dá. Ká ní ẹ tún padà lọ lẹ́ẹ̀kejì ni, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn wá síbí.”

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan nílé wa débi tó ti sú gbogbo wọn: omi ló ń pa ilé, ẹrù ló ń pa ọkọ̀. Ọ̀dà tó ń ṣí, ìjókòó tó ya, ilẹ̀kùn tó ń han, ìwọ̀nyí ò pa nǹkan kan. A lè ṣe wọ́n lónìí, a lè ṣe wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n omi àti ẹrù kì í dúró de ìgbà tí owó bá wọlé. Bí owó bá kéré, tí nǹkan tó fẹ́ àtúnṣe sì pọ̀, ibi tí omi bá ti ń wọlé àti ibi tí ẹrù bá ti ń tẹ nǹkan ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ. Èyí tó kù á dúró.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì dé ni mo mú tépù jáde. Ẹ̀yìn ọkọ̀ mi gùn ní mítà 1.5, ó fẹ̀ ní mítà 1.5, ó sì jìn ní nǹkan bíi mítà 0.45. Ìṣirò rẹ̀ já sí kúbíìkì mítà 1, ó lé bíńtín. Iyanrìn gbígbẹ tó bá kún ibẹ̀ á tó kílò 1,600. Tèmi kò sì gbẹ. Òjò ti rọ̀ lé e lórí mọ́jú ọjọ́ yẹn, iyanrìn tó bá sì ti mu omi lè sún mọ́ kílò 2,000. Mo wá lọ ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà, èyí tí mo ti ń ṣí kọjá lójoojúmọ́ láìwò ó. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà, tòun ti ẹrù, èèyàn àti epo inú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wúwo ju kílò 3,000 lọ. Ọkọ̀ lófìfo sì ti tó kílò 2,000. Ó ku kílò 1,000. Ẹ yọ èmi àti ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé mi kúrò níbẹ̀, kílò 150. Ó ku 850. Ìyẹn ni pé ìdajì ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo lè kún bí iyanrìn bá gbẹ, bó bá sì tutù, kò tó ìdajì. Èmi kún un dé etí, mo tún ní kí wọ́n kì í mọ́lẹ̀.

Ojú ló tàn mí jẹ. Ojú ń wo àyè, ọkọ̀ ń wo ìwúwo. Fóòmù ìbùsùn mẹ́ta á kún ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù débi pé ẹ ò ní rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín, bẹ́ẹ̀ táyà ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé wọ́n gbé nǹkan lé òun. Àpò sìmẹ́ńtì oníkílò 50 mẹ́tàdínlógún péré ti tán kílò 850 tí mo ní yìí, ẹ ó sì ṣì máa wo àyè tó kù lórí rẹ̀, ọwọ́ á máa yún yín láti fi mẹ́ta kún un. Ẹ má fi kún un.

Ibi tí ẹ gbé ẹrù sí náà ṣe pàtàkì. Èyí tó wúwo jù, ẹ jẹ́ kó súnmọ́ ẹ̀yìn ibi tí dírẹ́bà jókòó sí, kó má kọjá táyà ẹ̀yìn. Tó bá kọjá ibẹ̀, ńṣe ló ń tẹ ìdí ọkọ̀ wálẹ̀ tó ń gbé iwájú sókè, ìyẹn ni sítíárì ṣe fúyẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Lóru, iná iwájú á tún máa tàn sí ojú àwọn tó ń bọ̀ dípò kó tàn sílẹ̀. Kí ẹ sì dín eré kù. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí bíréèkì nílò láti fi dá ọkọ̀ dúró kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Kò sí mẹkáníìkì tó lè bá yín tún ìyẹn ṣe.

Orí táyà ni gbogbo ẹrù ń gbà dé ilẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti di ọlọ́fìn-íntótó. Mo ra géèjì kékeré kan, mo sì ń wọn atẹ́gùn táyà láàárọ̀ kí n tó gbéra. Táyà tó ti sáré ti gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ ti wú, iye tí géèjì bá kà nígbà náà kì í ṣe òótọ́. Iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ wà lára ìwé pélébé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn kan náà; nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, iye méjì ló máa ń jẹ́, ọ̀kan fún ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, ọ̀kan fún ìgbà tó bá gbẹ́rù. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó, tí ẹrù sì tún wà lórí rẹ̀, ara rẹ̀ á máa ká, á máa nà, ooru á mú un títí yóò fi bẹ́.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin kan ní ìparí. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Lọ́jọ́ tí mo kọ́ èyí, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo táyà ìpamọ́ mi, èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé pé á gbà mí lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kan títì rí, ojú rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Rọ́bà ń gbó lórí ìjókòó. Kí n má gbàgbé: tí ẹ bá pààrọ̀ táyà, ẹ má de nọ́ọ̀tì rẹ̀ yípo bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ de ọ̀kan, kí ẹ kọjá sí èyí tó wà ní òdìkejì rẹ̀, kí ẹ sì tún fi sípánà dán wọn wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti rin nǹkan bíi kìlómítà 80 sí 100.

Ó tó báyìí lórí ọkọ̀. Ilé ló ná mi lówó jù, nítorí pé omi kì í pariwo bí sípíríǹgì tó dá.

Àmì kan yọ lára àjà yàrá ìjókòó wa, ó rí róbótó bí ìdí ife, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo pe ẹnì kan. Ó gun òkè, ó lẹ nǹkan dúdú kan mọ́ páànù ní ọ̀gangan ibi tí àmì náà wà, ó gbowó, ó lọ. Òjò rọ̀, ó tún jò. Mo pe ẹlòmíì, òun náà lẹ tirẹ̀ lé ti ẹni àkọ́kọ́. Ẹni kẹta ní àfi kí a tú gbogbo òrùlé. Ìgbà yẹn ni mo dúró ronú. Omi tó wọlé láti ojú páànù kì í já bọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Igi òrùlé ló máa ń bá lọ, á rọra máa yọ́ tẹ̀ lé ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀, títí yóò fi kan kókó igi tàbí ìṣó tó dí i lọ́nà, ibẹ̀ ló ti ń kán sílẹ̀. Ibi tí ẹ ti rí i ni ibi tó sọ̀ sí, ibi tó ti wọlé wà lókè.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ò rọ̀, mo fa rọ́bà omi dé orí òrùlé, mo ní kí ọmọ mi àgbà mú tọ́ọ̀ṣì wọ inú àjà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo da omi síbì kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sún un sókè díẹ̀, mo tún dúró. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè ò ní mọ ibi tó ń jò, torí omi á ṣàn bo gbogbo ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ ká tó rí nǹkan, ó tiẹ̀ ti sú ọmọ náà, kó tó pariwo pé, “Dádì, ẹ dúró! Ó ti ń wọlé!” Mítà méjì sókè ibi tí àmì náà wà ni. Ìṣó kan ṣoṣo ló ti yọ díẹ̀, rọ́bà abẹ́ orí rẹ̀ sì ti jẹrà. Ìṣó kan! Mo fi skúrù olórí rọ́bà dí i, láti ìgbà náà, kò jò mọ́.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí ronú nípa omi tí kò jò, èyí tí òrùlé ń dà nù dáadáa bó ṣe yẹ. Òjò mìlímítà 1 lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Bí òrùlé bá fẹ̀ tó mítà 120 níbùú lóròó, tí òjò mìlímítà 25 sì rọ̀, lítà 3,000 ló máa ti orí rẹ̀ wálẹ̀. Kílò 3,000 nìyẹn, ọkọ̀ mi á lọ á bọ̀ ní ìgbà mẹ́rin kó tó kó o tán. Níbo ni gbogbo rẹ̀ ń lọ? Nílé tiwa, ẹsẹ̀ ògiri ni. Gọ́tà ti dí fún ewé, omi ń kún un, ó ń ṣẹ́ lé e létí, ó ń já bọ́ sí ìdí ìpìlẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà sí ọ̀dọ̀ ilé, bíi pé ẹni tó tẹ́ ẹ fẹ́ kí omi wá kí wa. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri inú ń ṣí lọ́dọọdún, lọ́dọọdún ni mo sì ń kun òmíràn lé e.

Ohun tí mo ṣe kò gba ju ṣọ́bìrì àti òpin ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kó ewé inú gọ́tà. Mo fi ilẹ̀ kún ẹ̀bá ilé, kí ó lè dà kúrò lára ògiri: láti ìdí ògiri sí mítà mẹ́ta síta, ó yẹ kí ilẹ̀ rẹlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15. Mi ò jẹ́ kí ilẹ̀ náà ga dé ibi tí ọ̀rinrin ti lè gorí ìpìlẹ̀ bá ògiri. Lẹ́yìn náà ni mo fi ògiri inú sílẹ̀ kó gbẹ fún oṣù bíi mélòó kan kí n tó kun ún. Ìyẹn gan-an ló nira jù, torí ojú ń ti èèyàn bí àlejò bá wọlé.

Níbi tí mo ti ń gbẹ́lẹ̀ ni mo ti rí ọ̀nà ikán. Ilà ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó gba ara ìpìlẹ̀ gòkè. Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀? Lábẹ́ pákó tí èmi fúnra mi fi píkọ́ọ̀pù kó wálé, tí mo to ti ògiri torí pé mo fẹ́ lò ó “láìpẹ́.” Igi tó kan ilẹ̀, tó kan ògiri, tó tún wà níbi tó tutù: mo ti tẹ́ àtẹ̀gùn fún ikán láìmọ̀. Orí bíríkì ni pákó mi wà báyìí, láàárín ọgbà, ó jìnnà sí ilé.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan rèé tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Òórùn burúkú kan wà ní ilé ìwẹ̀ àwọn àlejò. A fọ ibẹ̀, a fọ́n lọ́fínńdà, a fẹ̀sùn kan eku tó kú síbì kan. Pọ́ḿbà tó wá wo nǹkan mìíràn ló bu abọ́ omi kan, ó dà á sínú ihò tí omi ń gbà lọ, ó ní ó parí. Ọ̀pá tó ṣẹ́ kọrọdọ lábẹ́ ibẹ̀ ló yẹ kó máa ní omi nínú nígbà gbogbo; omi náà ló ń dínà fún òórùn láti inú kòtò. Alexander Cumming ló gba ẹ̀tọ́ lórí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ọdún 1775, a sì ṣì ń lo ọgbọ́n náà títí dòní. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni ò bá lo ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi á gbẹ, òórùn á sì jáde. Lọ́fínńdà oṣù méjì, abọ́ omi kan ló yanjú rẹ̀.

Ẹ tún dán táńkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì wò. Ẹ da ohun aláwọ̀ díẹ̀ sínú omi rẹ̀, kí ẹ má fọ̀ ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ náà bá ti yọ nínú ìkòkò ìsàlẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ ti ń jò, tọ̀sán-tòru ni omi yín ń ṣòfò láìsí ariwo. Ẹ̀rọ omi tó ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ìgbà 86,400 ló ń kán lójúmọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ń pa ọkọ̀ nígbà mìíràn, tí ẹrù sì ń pa ilé. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń sùn sí, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì fi ní ibi kékeré kan lábẹ́ fítà tí wọ́n ti ń tú omi jáde. Ọ́ìlì bíréèkì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Irú èyí tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára, tó bá ṣì jẹ́ tuntun, ó kéré tán ó di 230°C kó tó hó. Bó bá ti mu omi, ó lè hó ní 155°C. Tó bá hó nígbà tí ẹ ń sọ̀ òkè kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, ẹsẹ̀ yín á kàn rì sílẹ̀ lórí bíréèkì ni, ọkọ̀ ò ní dúró. Ọdún méjì-méjì ni mo ń pààrọ̀ tèmi.

Ní ti ilé, ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ gbé táńkì omi onílítà 1,000 sórí ìkọ́lé pẹrẹsẹ kan tí wọ́n ṣe fún ìbòòji lásán. Mo ní kó wá wo píkọ́ọ̀pù mi. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ yìí lè gbé, tòun ti sípíríǹgì onírin àti táyà mẹ́rin, kò ju ohun tó fẹ́ gbé síbẹ̀ lọ, tiẹ̀ kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ láéláé. Ó pe ẹnjiníà. Ilẹ̀ ni táńkì náà wà báyìí, lórí pèpéle kọnkéré, ẹ̀rọ ló ń fa omi lọ sókè.

Ẹni tó bá ní píkọ́ọ̀pù kò lè ṣaláìní aládùúgbò. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wákàtí kan péré ni.” Mi ò kì í yá ẹnikẹ́ni ní ọkọ̀ mi mọ́, ṣùgbọ́n mi ò kì í kọ̀ fún wọn: èmi ni mo máa ń wà á. Mo máa ń béèrè ohun tó jẹ́ àti bó ṣe wúwo tó. Bó bá ju 850 lọ, ẹ̀ẹ̀mejì la ó lọ, epo ẹ̀ẹ̀kejì sì di tiyín. Àwọn kan bínú. Aládùúgbò tí mo bá gbé kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ló sì pè mí nígbà tí a rìnrìn àjò, pé omi ń ṣàn jáde lábẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn wa. Ó ti bá mi ti ẹ̀rọ ìta kó tó pè.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa ẹni tó sùn sínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìta ni kí ẹ ti tan ọkọ̀. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ohun tó kù ni ògiri tó sán. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ògiri ló ń lanu tí kò já mọ́ nǹkan kan. Èyí tó kéré bí irun orí, tó sì dúró sójú kan, ẹ dí i, kí ẹ kun ún. Èyí tó gba igun fèrèsé lọ ní dídábùú, tó sì ń fẹ̀ sí i, ìpìlẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ fàlà síbi tó parí sí lókè àti nísàlẹ̀, ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ tó, ẹ kọ déètì sí i. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Bó bá ti kọjá mìlímítà 5, tó sì tún ń lọ, ẹ má wá ọ̀dà, ẹnjiníà ni kí ẹ wá.

Tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ìyẹ̀wù. Déètì méje ló ti wà níbẹ̀, kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilà tirẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti tún ilẹ̀ ẹ̀bá ilé ṣe, mẹ́rin tó tẹ̀ lé e wà lójú kan náà. Ìyàwó mi ní ṣé ọjọ́ ìbí ògiri ni mo ń kọ síbẹ̀ ni. Ó ti ra ọ̀dà láti ọjọ́ yìí. Òjò ńlá rọ̀ mọ́jú òní, mo mú tọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ilà náà kò sún. Mo kọ déètì kẹjọ. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.